IṢẸ́ TÍTA FÓÒNÙ: KA ÌWÉ KÍ O TÓ FỌWỌ́ SÍ I

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sọ ní Ọ̀tà

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ dé, tí ẹ kò tíì rí oúnjẹ jẹ. Mo kí ẹ̀yin tí iṣẹ́ alẹ́ ń dúró dè. Ẹ ti mọ bí a ti í kọ orúkọ ẹni. Ẹ ti lè ka ìwé kékeré. Ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ̀ náà ṣe nǹkan lónìí.

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ yín máa ń bi mí. Ẹ ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi ti jáde girama. Mo fẹ́ fi í sí ìdí iṣẹ́ fóònù ní Sàngó. Ṣé ó dára?"

Ìdáhùn mi nìyí: iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé kíkà ni. Ẹni tí kò bá ka ohun tí ó wà lára páálí, lórí rìsíìtì àti nínú ìwé àdéhùn, ó lè ṣiṣẹ́ ọdún kan, kí ó jẹ́ pé gbèsè ni yóò gbé lọ sílé. Àwa òbí pẹ̀lú lè bá a jẹ nínú gbèsè náà. Ẹ máa bọ̀, ẹ ó rí bí ó ti rí bẹ́ẹ̀.

1. BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI ṢE DÉ

Kí ó tó di ọdún 2001, ilé iṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní NITEL ni ó ni tẹlifóònù. Wáyà ni wọ́n ń fà wọ inú ilé. Ní gbogbo Nàìjíríà, ìlà tí ń ṣiṣẹ́ kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ ni àwa ènìyàn sì ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ọ́fíìsì, ilé iṣẹ́ ńlá àti àwọn olówó ni ó ń lò ó.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, àjọ NCC, tí ń ṣe àkóso ọ̀ràn tẹlifóònù, ta ìwé àṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Econet yìí ni ó ń jẹ́ Airtel lónìí. Nígbà náà, ọ̀wọ́n ni síìmù. Owó ìpè ìṣẹ́jú kan tó N50. Bí o bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, owó odindi ìṣẹ́jú kan ni wọn yóò gbà. Nígbà tí Globacom dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ó ń gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ẹ rántí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ta agboòrùn sí ẹ̀bá ọ̀nà nígbà náà. Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, fóònù kan. Ẹni tí kò ní fóònù yóò jókòó, yóò pe ará ilé rẹ̀, yóò sanwó ìṣẹ́jú tí ó lò. Láti ìdí agboòrùn, àwọn kan bọ́ sí ìdí títa káàdì. Láti ìdí káàdì, wọ́n bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gbẹ́ni Nnamdi Ezeigbo, tí ó dá ilé iṣẹ́ SLOT sílẹ̀, títún kọ̀ǹpútà ṣe ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù fóònù rẹ̀ wà ní ìlú púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí.

Ẹ wo Sàngó tiwa náà. Láti abẹ́ bíríìjì títí dé Ojú-Ọrẹ, ṣọ́ọ̀bù fóònù pọ̀ bí ẹní da ẹ̀pà sílẹ̀. Kí ló fà á? Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ wa, òṣìṣẹ́ wọn sì ń gbowó ní ìparí oṣù. Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta gba àárín wa kọjá. Ọ̀nà Ìdírókò náà wà níbẹ̀. Ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ra ọjà, kò jìnnà sí wa.

2. ÀWỌN Ọ̀NÀ TÍ A FI Ń WỌ INÚ IṢẸ́ NÁÀ

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ti ọmọ iṣẹ́. Òbí yóò mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, yóò san owó ẹ̀kọ́, ọmọ yóò kọ́ṣẹ́ fún iye àkókò tí wọ́n dá, lẹ́yìn náà yóò gba òmìnira. Bí àwa Yorùbá ti ń kọ́ṣẹ́ ránṣọ àti iṣẹ́ káfíńtà láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ará wa Ìgbò, tí ó pọ̀ nínú òwò yìí. Ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, yóò sìn ín fún ọdún mélòó kan. Ọ̀gá ni yóò bọ́ ọ. Nígbà tí ọdún bá pé, ọ̀gá yóò fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Ọ̀nà yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọlọ́jà ńlá. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìwé, tí ìjà sì dé nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀, kí ni ọmọ yóò fi hàn?

Ọ̀nà kẹta ni ti òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Ọlọ́jà yóò gbà á síṣẹ́ pé kí ó máa tajà. Ó lè fi kọmíṣọ̀n díẹ̀ lé owó oṣù rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ṣe fóònù pẹ̀lú máa ń fi òṣìṣẹ́ tiwọn sínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, wọn yóò wọ aṣọ ilé iṣẹ́ náà, wọn yóò sì máa pe oníbàárà. Iye fóònù tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà lóṣù ni wọ́n ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì.

3. IṢẸ́ NÁÀ LÁTI ÀÁRỌ̀ DÉ ALẸ́

Àwọn kan rò pé jíjókòó sábẹ́ fáànù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀, ọmọ yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù, yóò gbálẹ̀, yóò nu eruku ara gíláàsì, yóò ka fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ 42 lánàá, tí a ta 3, ó gbọ́dọ̀ ku 39. Bí ó bá ku 38, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ìdúró ni títí di alẹ́. Oníbàárà mẹ́wàá lè wọlé kí ẹnì kan ṣoṣo rà. Ọmọ yóò sì dá gbogbo wọn lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ní alẹ́, yóò tún ka ọjà àti owó. Ẹni tí ń lọ sí Ìjókò tàbí Joju lẹ́yìn náà mọ ohun tí ojú ń rí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Sàngó.

Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a mú páálí fóònù kan kí a kà á pọ̀.

Ẹ ó rí nọ́mbà méjì, bí 64 àti 4. Èyí tí ó tóbi ni ibi ìpamọ́. Ó dà bí yàrá tí a ń kó ẹrù sí: bí ó bá ti tóbi tó ni àwòrán àti orin tí yóò gbà ti pọ̀ tó. Èyí tí ó kéré ni wọ́n ń pè ní RAM. Ó dà bí tábìlì tí a fi ń ṣiṣẹ́: bí tábìlì bá há, iṣẹ́ kò ní yá. Ẹ ó tún rí nọ́mbà bátìrì, bí 5000. Ó dà bí kẹ́ẹ̀gì omi. Èyí tí ó jẹ́ 5000 gba iná ju èyí tí ó jẹ́ 3000 lọ.

Nọ́mbà kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì jù. IMEI ni orúkọ rẹ̀. Nọ́mbà 15 ni. Fóònù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀; èyí tí ó ń gba síìmù méjì máa ń ní méjì. Bí ẹ bá tẹ *#06# lórí fóònù bí ẹni fẹ́ pe ènìyàn, yóò jáde. Ẹ fi wé èyí tí ó wà lára páálí. Ẹ fi wé èyí tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dọ́gba, ẹ má sanwó.

Ẹ rí i pé ẹni tí ó lè ka nọ́mbà 15 láìfo ọ̀kan ti mọ apá kan nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin náà lè ṣe é.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ òtítọ́. Àwọn àgbà ní, "Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ là ń ra èké." Bí fóònù bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí ọmọ sọ pé tòkunbọ̀ ni. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ojú rẹ̀, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó tọ́jú owó fún oṣù mẹ́ta kí ó tó ra fóònù kan, bí a bá rẹ́ ẹ jẹ, yóò sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọjà òótọ́ lè pẹ́ kí ó tó tà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á yóò padà wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì mú fóònù wá tà lówó pọ́ọ́kú, tí kò ní páálí, tí kò ní rìsíìtì, kí ọmọ má rà á. Ẹni tí ó bá ra ohun tí ó mọ̀ pé a jí, òfin yóò mú un.

4. Ọ̀RÀN SÍÌMÙ

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ń ta fóònù ni ó ń ta síìmù pẹ̀lú. Láti ọdún 2011 ni ìjọba ti ní kí a máa forúkọ síìmù sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2020, wọ́n tún pàṣẹ pé kí a so ó mọ́ nọ́mbà ìdánimọ̀ NIN, tí ó jẹ́ nọ́mbà 11.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, àjọ NCC bu owó ìtanràn tí ó ju tírílíọ̀nù náírà kan lọ lé MTN lórí, nítorí pé kò gé síìmù tí ó ju mílíọ̀nù 5 lọ tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò pé. Ní ọdún 2016, wọ́n dín in kù sí bílíọ̀nù 330. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá lè rí irú èyí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ó jókòó nídìí káńtà? Bí ọ̀gá bá ní kí ọmọ yín fi NIN tirẹ̀ forúkọ síìmù ẹlòmíràn sílẹ̀, kí ó kọ̀. Bí wọ́n bá fi síìmù náà lu jìbìtì, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá yóò rí.

5. OWÓ TÍ KÒ WỌLÉ

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì wa. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá kan ń din àkàrà nítòsí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fóònù. Wọ́n ní kí ó mú onídùúró wá. Ìyá lọ. Wọ́n gbé ìwé kalẹ̀, ó tẹ̀ka sí i. Nígbà náà, kò tíì mọ̀wé kà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oníbàárà kan wá ra fóònù N180,000. Ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́ láti báńkì. Ó fi àláàtì hàn lójú fóònù tirẹ̀. Ọ̀gá kò sí nílé, fóònù tí àláàtì ṣọ́ọ̀bù ń wọlé sí sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọmọ gbé ọjà fún un. Owó náà kò wọlé títí di òní. Ayédèrú ni àláàtì náà.

Ọ̀gá ní òun kò ní san owó oṣù mọ́ títí gbèsè yóò fi tán. Ó tún wá bá ìyá nídìí àkàrà. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni onídùúró." Ìyá mú ìwé náà wá bá wa. A kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé onídùúró yóò san iye owó ọjà yòówù tí ó bá sọnù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé kí n kàn jẹ́rìí pé ọmọ mi ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìwé kan náà ni. Ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ.

A bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Òun náà fi gbèsè ra ọjà, èrè orí fóònù kan kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í pé, "Báwo ni ọmọ yìí ì bá ti ṣe mọ̀ pé owó kò wọlé?" kò rí èsì fọ̀. Wọ́n gbà níkẹyìn pé kí ọmọ san N60,000, ní N5,000 lóṣù, kí ọ̀gá gba ìyókù mọ́ra. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, lẹ́yìn tí ó ti kà á.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni èyí: àláàtì ojú fóònù oníbàárà kì í ṣe owó. Owó tí ó bá hàn nínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù ni owó. Títí yóò fi hàn, kí ọjà má kúrò lórí káńtà, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà ń bínú.

6. OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti wà láti ọdún 1974. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀, kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀gá kò lè máa yọ owó òṣìṣẹ́ bí ó ti wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù, tàbí tí ó fa á nípa àìbìkítà, ọ̀gá lè yọ owó tí ó mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀ràn iṣẹ́. Gbogbo owó tí a bá yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Bí owó oṣù bá jẹ́ N45,000, kò gbọdọ̀ ju N15,000 lọ.

Bí òbí bá fẹ́ fi ọmọ tí ó ti ju ọdún 12 lọ, tí kò tíì pé ọdún 16, sí ẹnu iṣẹ́, ìwé àdéhùn ni kí ó fi ṣe é, àkókò ẹ̀kọ́ náà kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ.

Ẹ tún mọ èyí. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba sọ owó oṣù tí ó kéré jù di N70,000. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Sàngó kò ní tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé ni ẹ ó dì mú.

7. ÌWÉ ÀDÉHÙN

Ẹ da ìwé yìí kọ sínú ìwé yín. Bí ọ̀gá bá ní ìwé tirẹ̀, ẹ fi wé èyí.

Èmi ............ gba ............ láti kọ́ṣẹ́ (tàbí láti ṣiṣẹ́) ní ṣọ́ọ̀bù mi tí ó wà ní ............
Ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀: ............ Ọjọ́ tí yóò parí: ............
Owó ẹ̀kọ́ tí òbí san: N............
Owó oṣù tí èmi yóò san: N............ Kọmíṣọ̀n: ............
Àkókò iṣẹ́: láti agogo ............ dé agogo ............ Ọjọ́ ìsinmi: ............
Ohun tí èmi yóò kọ́ ọ: ............
Àwa méjèèjì yóò jọ ka ọjà láàárọ̀ àti lálẹ́, a ó sì jọ fọwọ́ sí ìwé.
Ẹni tí yóò máa wo àkáǹtì kí ọjà tó jáde: ............
Bí ọjà bá sọnù, a ó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ó jẹ̀bi. Iye tí a lè yọ lóṣù kò ní ju N............ lọ.
Ohun tí onídùúró gbà láti ṣe: ............ Iye tí ó lè san kò ní ju N............ lọ.
Ọ̀gá: ............ Ọmọ: ............ Òbí: ............ Ẹlẹ́rìí: ............

Ẹ ṣe é ní méjì. Ọ̀kan fún ọ̀gá, ọ̀kan fún yín. Bí ọ̀gá bá ní, "Ẹ kò fọkàn tán mi ni?" ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "A fọkàn tán yín, sà. Nítorí kí ìfọkàntán náà má bàa bàjẹ́ ni a ṣe ń kọ ọ́." Ọ̀gá rere yóò gbà. Òun náà yóò jàǹfààní rẹ̀, nítorí ọmọ tí ó bá fẹ́ sá lọ kí àkókò tó pé, ìwé náà yóò mú òun pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò ní kí ẹ má fi ọmọ sí ìdí iṣẹ́ fóònù. Ẹ fi wọ́n síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ara yín ṣì le náà lè bọ́ sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tẹ̀ka sí ohun tí ẹ kò kà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro, ẹ mú ìwé náà wálé, kí a jọ kà á. Ìwé tí kò bá lè sùn lọ́dọ̀ yín ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò yẹ kí ẹ fọwọ́ sí i.



ÌBÉÈRÈ
1. Nọ́mbà mélòó ni ó wà nínú IMEI? Kí ni a ń tẹ̀ láti rí i?
2. Kí ni ó yẹ kí a wò kí ọjà tó kúrò lórí káńtà?
3. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kan jẹ́ N60,000. Èló ni owó tí ó pọ̀ jù tí òfin gbà kí a yọ lóṣù kan?
4. Kí ni iṣẹ́ onídùúró? Ǹjẹ́ ìwọ ti fọwọ́ sí ìwé onídùúró rí? Wá a jáde, kí o sì kà á.